Àtúnṣe àṣìṣe nínú olùṣètò ìbéèrè PostgreSQL

Àtúnṣe àṣìṣe nínú olùṣètò ìbéèrè PostgreSQL ni iṣẹ́ wíwá àti títún àwọn àṣìṣe ṣe nínú apá PostgreSQL tí ó máa ń pinnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò gbà dáhùn ìbéèrè kan. PostgreSQL jẹ́ àká dátà oníbàátan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú ìmọ̀ sínú àwọn tábìlì tí ó ní ìlà àti òpó, tí ó sì ń jẹ́ kí a so tábìlì kan mọ́ òmíràn. Orísun rẹ̀ wà ní ṣíṣísílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kí ó lò ó, kí ó yí i padà, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn láìsan owó. Àṣìṣe nínú olùṣètò lè mú kí èsì pẹ́ kí ó tó dé, ó lè mú kí ìbéèrè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, èyí tí ó sì burú jù lọ ni pé ó lè mú kí èsì tí kò tọ́ jáde láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbangba. DHIS2, ètò orísun ṣíṣísílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè náà fi ń kó ìròyìn ìlera jọ láti àwọn ilé ìwòsàn, orí PostgreSQL ni ó ń tọ́jú dátà rẹ̀ sí. Ìròyìn ibà, ìbímọ àti àjẹsára láti àwọn ìlú bíi Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Etioro ní ilẹ̀ Àkókó ń gba ọwọ́ olùṣètò ìbéèrè kọjá kí ó tó di iye tí àwọn aláṣẹ ń kà.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1970, Edgar F. Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM, dábàá pé kí a máa to dátà sínú àwọn tábìlì, kí ẹni tí ó ń béèrè sì máa sọ ohun tí ó fẹ́ nìkan, láìsọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe wá a rí. Àbá yìí bọ́ ẹrù kúrò lórí ènìyàn, ó sì gbé e lé kọ̀ǹpútà lórí. Ní ọdún 1979, Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní System R, ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣírò ìnáwó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú èyí tí ìnáwó rẹ̀ kéré jù. Orí ìlànà yìí ni olùṣètò PostgreSQL dúró lé.

Iṣẹ́ POSTGRES bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986 ní Yunifásítì California ní Berkeley, lábẹ́ ìdarí Michael Stonebraker. Lẹ́yìn náà, Andrew Yu àti Jolly Chen fi èdè SQL kún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Postgres95. Ní ọdún 1996 ni ó gba orúkọ PostgreSQL. Láti ìgbà náà, àwọn oníṣẹ́ kóòdù láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Tom Lane, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ jù lọ lórí olùṣètò ìbéèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ olùṣètò ìbéèrè

Ẹni tí ó fẹ́ ti Ìkàrẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ máa ń ro ọ̀nà, ẹrù àti àkókò kí ó tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùṣètò ń ṣe kí ó tó fọwọ́ kan dátà. Bí ẹnì kan bá béèrè pé kí a mú gbogbo ilé ìwòsàn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó jáde pẹ̀lú ìròyìn ibà wọn, ọ̀nà láti rí èsì náà pọ̀. Kọ̀ǹpútà lè ka tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí kí ó lo atọ́ka, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń lo atọ́ka ẹ̀yìn ìwé láti mọ ojú ewé tí yóò ṣí.

Láti so tábìlì méjì pọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni pé, fún ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì àkọ́kọ́, kí ó padà lọ wá ẹnìkejì rẹ̀ nínú tábìlì kejì. Èyí yá bí ìlà àkọ́kọ́ bá kéré, ṣùgbọ́n ó ń da ènìyàn láàmú bí wọ́n bá pọ̀. Èkejì ni pé kí ó pín tábìlì kan sínú àpò-àpò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, kí ó sì máa fi ìlà tábìlì kejì wá àpò tí ó bá a mu. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó to tábìlì méjèèjì ní ẹsẹẹsẹ, kí ó sì máa kà wọ́n lọ pa pọ̀.

Olùṣètò ń fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní iye ìnáwó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, kíka ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn lórí dísìkì ń jẹ́ 1, fífò lọ sí ojú ewé tí ó wà níbòmíràn ń jẹ́ 4, iṣẹ́ lórí ìlà kan sì ń jẹ́ 0.01. Iye wọ̀nyí kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá tàbí náírà. Òṣùwọ̀n lásán ni wọ́n, tí ó wà fún fífi ọ̀nà kan wé òmíràn.

Kí ìṣirò yìí tó ṣeé ṣe, olùṣètò gbọ́dọ̀ mọ iye ìlà tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú jáde. Kò lè ka gbogbo dátà kí ó tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó ń fojú díwọ̀n. Àṣẹ ANALYZE máa ń bu ìlà 30,000 nínú tábìlì ńlá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ó sì ń kọ àwọn iye tí ó wọ́pọ̀ jù nínú òpó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú bí àwọn yòókù ṣe pín ká. Àkọsílẹ̀ yìí ni olùṣètò ń wò.

Bí tábìlì tí a fẹ́ so pọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ olùṣètò ń le sí i. A lè to tábìlì 5 tẹ̀ lé ara wọn ní ọ̀nà 120. Tábìlì 8 ní ọ̀nà 40,320. Tábìlì 12 ní ọ̀nà 479,001,600. PostgreSQL ní ọgbọ́n tí kò fi ní yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tí a fẹ́ so pọ̀ bá sì tó 12, ó máa ń yí sí GEQO, ọ̀nà ìṣàwárí tí a mú àwòrán rẹ̀ láti inú bí àwọn ohun alààyè ṣe ń jogún ìwà lára àwọn òbí wọn.

Ìfojúdíwọ̀n tí ó jìnnà sí òtítọ́

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ìfojúdíwọ̀n tí kò súnmọ́ òtítọ́. Ọ̀kan nínú àwọn orísun rẹ̀ ni pé olùṣètò, bí a kò bá sọ fún un, máa ń gbà pé òpó kan kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òmíràn.

Àpẹẹrẹ ìṣirò kan yóò fi èyí hàn. Ká ní tábìlì ìròyìn kan ní ìlà 774,000, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774 tí ó wà ní Nàìjíríà sì ní ìlà 1,000. Tábìlì náà ní òpó fún ìpínlẹ̀ àti òpó fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnì kan béèrè fún ìlà tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Oǹdó, tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, níbi tí Ọ̀kà, Àkùngbá àti Etioro wà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìjọba ìbílẹ̀ 18, nítorí náà olùṣètò yóò sọ pé ìdá 18 nínú 774 ni ti Oǹdó, àti pé ìdá 1 nínú 774 ni ti ìjọba ìbílẹ̀ náà. Yóò sọ ìdá méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, yóò sì parí rẹ̀ sí ìlà bíi 23. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ìlà 1,000 ni ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé ní Etioro mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti wà ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó ti wà ní Oǹdó náà. Olùṣètò ni kò mọ̀.

Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po 43. Bí olùṣètò bá tìtorí ìlà 23 yan ọ̀nà tí ó ń padà lọ wá tábìlì kejì fún ìlà kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ó rò pé yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 2 lè gba 86. Bí tábìlì kẹta àti ìkẹrin bá tún wà lókè rẹ̀, àṣìṣe náà yóò máa di púpọ̀ bí ó ṣe ń gòkè.

Àtúnṣe sí ìṣòro yìí wọ PostgreSQL ní ẹ̀dà 10, ní ọdún 2017, nípasẹ̀ iṣẹ́ Tomas Vondra, David Rowley àti Álvaro Herrera. Àṣẹ CREATE STATISTICS ń jẹ́ kí ẹni tí ó ni àká dátà sọ pé òpó méjì bá ara wọn tan, kí ANALYZE sì wọn bí ìbátan náà ṣe lágbára tó. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ìfojúdíwọ̀n yóò kúrò ní 23, yóò sì súnmọ́ 1,000.

Àtúnṣe náà ní ààlà tirẹ̀. Bí òpó bá lo orúkọ dípò nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìbátan kò ní pé pérépéré, nítorí Surulere wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ifẹlodun wà ní Kwara, ó sì wà ní Ọ̀ṣun. Bákan náà, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì béèrè fún ìjọba ìbílẹ̀ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Èkó, olùṣètò yóò ṣì rò pé ìlà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìkankan. Ẹ̀dà 12, tí ó jáde ní ọdún 2019, dín ìṣòro yìí kù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìpapọ̀ iye tí ó wọ́pọ̀ jù sílẹ̀, kì í ṣe iye òpó kan ṣoṣo.

Èsì tí kò tọ́

Ìfojúdíwọ̀n tí kò tọ̀nà ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ ṣì tọ́. Irú àṣìṣe kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùṣètò ní ẹ̀tọ́ láti tún ìbéèrè tò, níwọ̀n ìgbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà. Bí ó bá tún un tò lọ́nà tí ó yí ìtumọ̀ padà, èsì tí kò tọ́ yóò jáde, kò sì ní sí ohun tí yóò ta ẹni tí ó béèrè lólobó.

Ibi tí èyí ti ń wáyé jù ni ìsopọ̀ tí ó ń pa ìlà mọ́ bí kò tilẹ̀ rí ẹnìkejì. Ká ní òṣìṣẹ́ ìlera kan béèrè fún gbogbo ilé ìwòsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, pẹ̀lú iye ìròyìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ lóṣù náà. Ilé ìwòsàn tí kò fi nǹkan ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ hàn, pẹ̀lú òfo níwájú orúkọ rẹ̀. Bí olùṣètò bá gbé àyẹ̀wò kan kọjá ìsopọ̀ náà lọ́nà àìtọ́, ìlà olófo yóò pòórá. Àwọn tí ó fi ìròyìn ránṣẹ́ nìkan ni yóò kù, yóò sì dà bí ẹni pé gbogbo wọn ni ó ṣe ojúṣe wọn. Ilé ìwòsàn tí ó dákẹ́, tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bẹ̀ wò, ni àṣìṣe náà yóò gbé pamọ́.

Òfo kò jọ iye mìíràn nínú èdè SQL. Bí a bá béèrè bóyá òfo dọ́gba pẹ̀lú 5, ìdáhùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, àìmọ̀ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, olùṣètò PostgreSQL ń fi àmì kan náà dúró fún òpó kan, yálà kí ìsopọ̀ tó wáyé tàbí lẹ́yìn tí ìsopọ̀ ti lè sọ ọ́ di òfo. Ọ̀pọ̀ òfin ìṣọ́ra ni ó wà láti má ṣe jẹ́ kí méjèèjì dàrú mọ́ ara wọn. Ní ẹ̀dà 16, tí ó jáde ní ọdún 2023, Tom Lane tún ìpìlẹ̀ náà ṣe: òpó kọ̀ọ̀kan ń gbé àmì tí ó ń sọ ìsopọ̀ tí ó lè sọ ọ́ di òfo. Àtúnṣe ńlá yìí tún fi àwọn àṣìṣe kéékèèké mìíràn hàn, tí a ń tún ṣe nínú àwọn ẹ̀dà kékeré tí ó tẹ̀ lé e.

Irú kẹta ni ìbéèrè tí ó tọ́ ṣùgbọ́n tí olùṣètò sọ pé òun kò rí ètò kankan fún. Èyí kì í tan ènìyàn jẹ, nítorí ó ń ké jáde fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń tún àṣìṣe ṣe

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí àṣìṣe náà tún ṣẹlẹ̀ lójú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó rí i gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà ẹ̀dà PostgreSQL tí ó ń lò, bí àwọn tábìlì ṣe rí, àti ìbéèrè náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni a óò máa gé e kúrú: a óò yọ tábìlì kan, òpó kan tàbí àyẹ̀wò kan, a óò sì wò ó bóyá àṣìṣe náà ṣì wà. Ìbéèrè olójú ewé méjì lè di ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́ta náà ni yóò sì tọ́ka sí ibi tí àrùn wà.

Àṣẹ EXPLAIN ń fi ètò tí olùṣètò yàn hàn. Bí a bá fi ANALYZE kún un, yóò mú ìbéèrè náà ṣiṣẹ́, yóò sì kọ iye ìlà tí a fojú díwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ó jáde ní tòótọ́. Láti ìsàlẹ̀ sókè ni a ń kà á. Ibi tí iye méjèèjì ti kọ́kọ́ yapa ni kí a wò, nítorí àwọn ìyapa òkè sábà máa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀. Fún èsì tí kò tọ́, a lè dá olùṣètò lẹ́kun lílo ọ̀nà ìsopọ̀ kan, kí a sì tún ìbéèrè náà ṣe. Bí ètò méjì bá mú èsì méjì jáde láti inú dátà kan náà, ọ̀kan nínú wọn ti ṣìnà.

Bí àṣìṣe kò bá sí nínú ẹ̀dà àtijọ́, a lè wá àyípadà tí ó bí i. Gbogbo àyípadà kóòdù ni a ń kọ sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra. A óò dán ti àárín wò, a óò mọ apá tí àṣìṣe wà, a óò sì tún pín apá náà sí méjì. Nínú àyípadà 1,000, ìdánwò bíi 10 tó láti rí èyí tí ó jẹ̀bi.

Inú àpò optimizer nínú kóòdù PostgreSQL, tí a fi èdè C kọ, ni olùṣètò wà, apá ńlá ìfojúdíwọ̀n sì wà nínú fáìlì selfuncs.c. Ẹni tí ó bá ṣe àbùlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdánwò kan tì í, kí àṣìṣe náà má baà padà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn mìíràn yóò ka àbùlẹ̀ náà, wọn yóò sì ṣe àríwísí rẹ̀ ní gbangba. Lẹ́yìn tí ó bá wọlé, àwọn kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi káàkiri ayé yóò dán an wò.

Àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe ìrànwọ́ nínú ìṣàwárí. SQLsmith, iṣẹ́ Andreas Seltenreich, ń hùmọ̀ àwọn ìbéèrè àrà tí ènìyàn kò ní ronú kàn, ó sì ti tú ọ̀pọ̀ àṣìṣe olùṣètò fó. SQLancer, iṣẹ́ Manuel Rigger àti Zhendong Su, ń gba ọ̀nà mìíràn: ó lè pín ìbéèrè kan sí mẹ́ta, ìlà tí àyẹ̀wò kan jẹ́ òótọ́ fún, ìlà tí kò jẹ́ òótọ́ fún, àti ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ àìmọ̀. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá odindi mu. Bí kò bá bá a mu, àṣìṣe wà.

Ìdí tí àtúnṣe fi ń gba ìṣọ́ra

Olùṣètò kan ṣoṣo ni ó ń sin gbogbo àwọn tí ó ń lo PostgreSQL. Àyípadà tí ó mú ìbéèrè ẹnì kan yára lè fa ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn sẹ́yìn. Fún ìdí yìí, a kì í sábà fi àtúnṣe ìfojúdíwọ̀n sínú ẹ̀dà kékeré. A máa ń dá a dúró di ẹ̀dà ńlá tí ó ń jáde lọ́dọọdún, kí ẹni tí ó fẹ́ lò ó lè kọ́kọ́ dán an wò. Àtúnṣe èsì tí kò tọ́ yàtọ̀: gbogbo ẹ̀dà tí a ṣì ń tọ́jú ni ó yẹ kí ó gbà á, a sì máa ń tọ́jú ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan fún ọdún 5.

Ìṣọ́ra yìí kan náà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn olùtọ́jú PostgreSQL kọ̀ láti fi àṣẹ tí ènìyàn lè fi pàṣẹ ọ̀nà fún olùṣètò sínú ètò náà fúnra rẹ̀. Èrò wọn ni pé ẹni tí ó bá ti rí ọ̀nà àbùjá kò ní sọ nípa àṣìṣe mọ́, àṣẹ tí ó sì dára lónìí lè di ẹrù nígbà tí dátà bá pọ̀ sí i. Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wọn sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lónìí kò lè dúró de ẹ̀dà ọdún tí ń bọ̀. Àfikún kan tí ń jẹ́ pg_hint_plan wà fún irú wọn, lẹ́yìn ètò gan-an.

Ìlò ní Nàìjíríà

DHIS2 ti inú iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní àwọn ọdún 1990 jáde, Yunifásítì Oslo ní Nọ́wè sì ni ó ń darí ìdàgbàsókè rẹ̀. Yàtọ̀ sí Nàìjíríà, Gánà náà ń lò ó. Dátà rẹ̀ ní Nàìjíríà tò bí ẹ̀ka igi: orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn. Irú dátà bẹ́ẹ̀, tí ìpele kan ń sọ òmíràn, ni ìgbàgbọ́ pé òpó kò bá ara wọn tan máa ń ṣì lọ́nà jù.

Ẹni tí ó ń bójú tó irú àká dátà bẹ́ẹ̀ lè ṣe nǹkan díẹ̀ láìfọwọ́ kan kóòdù: kí ó mú ANALYZE ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ìròyìn oṣooṣù bá ti wọlé tán, kí ó lo CREATE STATISTICS fún àwọn òpó tí ó bá ara wọn tan, kí ó dín ìnáwó fífò kù sí bíi 1.1 bí dísìkì rẹ̀ bá jẹ́ SSD, kí ó sì máa gba ẹ̀dà kékeré, tí ó sábà ń jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí inú rẹ̀ ni àtúnṣe èsì tí kò tọ́ wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún kóòdù náà ṣe kò nílò ìwé àṣẹ tàbí owó ìforúkọsílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá lè gba odindi kóòdù náà sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí ó kọ́ ọ, kí ó sì mú gbogbo ìdánwò rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kúkúrú tí ó fi àṣìṣe hàn kedere ní iyì tirẹ̀, bí ẹni tí ó mú un wá kò bá tilẹ̀ tíì mọ bí a óò ṣe tún un ṣe.